Omi Kò Lọ́tàá? Ọ̀rọ̀ lórí Pípèsè Omi fún Pẹ́pẹ́yẹ àti Ẹran Ọ̀sìn Mìíràn ní Ìgbà Ọ̀gìnnìtìn



Mo mọ̀ pé àkọlé ọ̀rọ̀ mi yóò ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu. Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. Ewì, ìtàn àròsọ àti òwe ni ẹ ti máa ń gbọ́ lẹ́nu mi. Nígbà tí mo fi àkọlé náà ránṣẹ́, ẹnì kan ní ọ́fíìsì wa bi mí bóyá ìwé àwọn ará ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ṣèèṣì mú wá. N kò ṣèèṣì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún tó kọjá, obìnrin kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà kan rí pè mí lórí tẹlifóònù láti ìpínlẹ̀ Minnesota ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun àti ọkọ rẹ̀ ra ilé kan tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, wọ́n sì ń sin pẹ́pẹ́yẹ méje àti ewúrẹ́ mẹ́rin sí ẹ̀yìnkùlé. Yorùbá ni ó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ sọ nínú ilé, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun já èyí gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó fẹ́ rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹyẹ náà, ọ̀rọ̀ sì há a lẹ́nu. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún un pé kó lọ fọ́ ohun tó bo omi yẹn lójú, kí pẹ́pẹ́yẹ lè rí nǹkan mu?"

Mo dákẹ́ díẹ̀. Gbólóhùn náà kò ṣòro rárá. Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé mo ti ṣe iṣẹ́ náà rí ní ìgbà èwe mi, lójoojúmọ́, fún ọdún mẹ́rin gbáko, n kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní èdè Yorùbá rí. Mo ti kọ ìwé, mo ti kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ti ń kọ ìwé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kọ́ mi ní ohun tí omi jẹ́, n kò fún un ní gbólóhùn kan ṣoṣo. Gbèsè yẹn ni mo wá san lónìí.

Kí á kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. A ní yìnyín. Òjò yìnyín a máa rọ̀ nílẹ̀ wa, a máa lu páànù bí òkúta, àwọn ọmọdé a sì máa ṣà á jẹ. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì rí i pé èyí nìkan kò tó, wọ́n sì lo òjò dídì fún èyí tó máa ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òwú láti ojú ọ̀run ní ilẹ̀ olótùútù. Mo gba ọ̀rọ̀ méjèèjì. Yìnyín ni n ó máa pe omi tó ti le gbagidi. Òjò dídì ni n ó máa pe funfun tó ń rọ̀ láti òkè. Ìgbà ọ̀gìnnìtìn ni n ó sì máa pe àkókò tí méjèèjì máa ń wáyé. Àwọn kan fẹ́ràn omi dídì ju yìnyín lọ. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà a máa tan ènìyàn jẹ, nítorí pé omi ṣì wà nínú orúkọ rẹ̀. Ẹ óò rí ohun tí mò ń wí láìpẹ́.

Ní ti dídì fúnra rẹ̀, kì í ṣe àjèjì sí wa. Ẹ̀kọ a máa dì. Nígbà ọyẹ́, àdí àgbọn a máa dì nínú ìgò, òrí a sì le koko. Kí ni àwọn ìyá wa máa ń ṣe? Wọn a gbé ìgò àdí sí oòrùn, tàbí kí wọ́n rì í bọ inú omi gbígbóná, yóò sì yọ́. Nítorí náà, dídì wà nínú èdè wa, yíyọ́ wà níbẹ̀, fífọ́ sì wà níbẹ̀. Ohun tí a kò ní ni ìrírí pé omi, omi tí a fi ń yọ́ àdí, lè ṣe bí àdí.

Ẹ wo àwọn òwe wa lórí omi, ẹ óò rí i pé ọmọ ilẹ̀ tí omi kì í ti í dì ni gbogbo wọn. A ní omi kò lọ́tàá. A ní omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. A ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Mo da omi síwájú lẹ́ẹ̀kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà: garawa kan ṣófò lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà ilé ẹran nírọ̀lẹ́, mo sì lọ sùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ tí mo tẹ̀ tutù nítòótọ́. Ó ti di yìnyín. Ó gbé mi ṣánlẹ̀, ọrùn ọwọ́ mi sì wú fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ọdún 1996 ni mo lọ sí ìpínlẹ̀ Wisconsin láti kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé. Owó tí mò ń rí gbà kò tó láti fi gba ilé láàárín ìlú. Nígbà tí mo gbọ́ pé tọkọtaya àgbàlagbà kan tí oko wọn jìn díẹ̀ sí ìlú ń wá ẹni tí yóò máa gbé yàrá òkè wọn lọ́fẹ̀ẹ́, tí yóò sì máa bá wọn bójú tó ẹran ọ̀sìn, kíá ni mo gbà. Wọ́n ní pẹ́pẹ́yẹ funfun mọ́kànlá, ẹṣin méjì, àgùntàn díẹ̀ àti màlúù mẹ́fà tí wọ́n ń fún wàrà wọn. Mo fọ́nnu fún wọn pé ọmọ àgbẹ̀ ni mí, àti pé ìyá mi sin pẹ́pẹ́yẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyá mi kò sin wọ́n ní Wisconsin.

Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún náà, tọkọtaya yìí lọ kí ọmọ wọn, wọ́n sì sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Kí wọ́n tó lọ, Bàbá (bẹ́ẹ̀ ni mo ń pè é, nítorí ẹnu mi kò gbà kí n máa pe àgbàlagbà ní orúkọ rẹ̀ lásán bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀) sọ fún mi pé aládùúgbò kan yóò wá fún àwọn màlúù ní wàrà, àti pé kí n máa wo omi àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Mo wò ó. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi: mo wò ó ni. Ọpọ́n ike náà kún dẹ́múdẹ́mú, ojú rẹ̀ ń dán nínú oòrùn. Mo wí nínú ara mi pé àwọn ẹyẹ wọ̀nyí kò tilẹ̀ mu omi púpọ̀. Mo da oúnjẹ gbígbẹ fún wọn, mo sì padà sínú ilé lọ sídìí ìwé mi. Òtútù alẹ́ náà lọ sílẹ̀ tó ìwọ̀n 20 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi sì ti máa ń dì láti ìwọ̀n òdo.

Nígbà tí wọ́n dé ní ọjọ́ kẹta, pẹ́pẹ́yẹ méjì ti kú. Ipin ti lẹ ojú àwọn mìíràn pọ̀. Bàbá dúró lórí ọpọ́n náà, ó bi mí pé kí ni èyí. Mo ní omi ni. Ó fi gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ kàn án, ó dún kọ̀ kọ̀ kọ̀. Ó tún bi mí pé kí ni èyí. N kò lè dáhùn. Kò bú mi. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn òkú ẹyẹ náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó sì ní kí n fọwọ́ kàn án. Oúnjẹ gbígbẹ ló há níbẹ̀, ó le bí ẹ̀pà. Nígbà náà ni ó lọ pọn omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá láti ilé ìdáná. Bí ó ti dà á sílẹ̀ ni àwọn mẹ́sàn-án yòókù ya bò ó. Kì í ṣe pé wọ́n kọ́kọ́ mu ún. Orí ni wọ́n kọ́kọ́ rì sínú rẹ̀ títí dé ọrùn. Wọ́n ń fọn omi jáde ní ihò imú, wọ́n ń gbọn orí, wọ́n sì tún ń rì í. Ó pẹ́ díẹ̀ kí èyíkéyìí nínú wọn tó gbé àgógó sókè láti mu.

Ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn ni ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nípa pẹ́pẹ́yẹ. Adìyẹ lè fi àgógó sà omi díẹ̀díẹ̀ kó sì tó o. Pẹ́pẹ́yẹ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń fẹ́ omi tó jìn tó láti bo gbogbo àgógó rẹ̀ àti ihò imú tó wà ní ìdí àgógó náà, nítorí omi ni ó fi ń fọ oúnjẹ àti ẹrẹ̀ kúrò nínú imú, òun náà ni ó sì fi ń fọ ojú. Bí kò bá rí i, imú yóò dí, ojú yóò ṣepin. Bákan náà, oúnjẹ gbígbẹ kò lè gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá láìsí omi. Jíjẹ àti mímu ni yóò máa ṣe ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ìwà ìkà láti gbé oúnjẹ síwájú pẹ́pẹ́yẹ tí omi rẹ̀ ti dì. Bí omi kò bá sí, kí oúnjẹ náà má sí. Èmi ni mo ṣe ìkà yẹn, mo sì ṣe é pẹ̀lú inú rere.

Ẹnì kan lè bi mí pé òjò dídì ńkọ́? Ṣé kì í ṣe omi ni? Gbogbo ilẹ̀ funfun yí wọn ká. Kí ló dé tí wọn kò jẹ ẹ́? Wọ́n jẹ ẹ́. Mo rí ojú àgógó wọn lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìnáwó wà nínú jíjẹ òjò dídì, ọkùnrin kan tí í ṣe Joseph Black, tó jẹ́ olùkọ́ ní Glasgow ní ilẹ̀ Scotland, ni ó sì là wá lóye nípa ìnáwó yìí ní àwọn ọdún 1760. Ó rí i pé bí yìnyín bá ń yọ́, ó máa ń gba ooru púpọ̀ mọ́ra láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbóná sí i rárá. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Ooru tí yóò mú kí omi kílò kan gbóná sí i ní ìwọ̀n kan péré lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí á pè é ní ẹyọ kan. Láti sọ yìnyín kílò kan di omi, ẹyọ 80 ni yóò gbà, omi náà yóò sì ṣì wà ní ìwọ̀n òdo. Ara pẹ́pẹ́yẹ gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 41. Nítorí náà, yóò tún ná ẹyọ 41 mìíràn kí omi náà tó bá ara rẹ̀ dọ́gba. Ẹyọ 121 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé omi tó wà ní ìwọ̀n 20 ni a gbé fún un, ẹyọ 21 péré ni yóò ná. Níbo ni ó ti ń rí ooru yìí? Nínú oúnjẹ tó jẹ ni, àti nínú ọ̀rá ara rẹ̀, tí ó yẹ kó fi la òru ọ̀gìnnìtìn já. Ẹyẹ tó ń jẹ òjò dídì ń fi igi ìdáná rẹ̀ sè omi tí ó yẹ kí olówó rẹ̀ bá a sè.

Ọ̀rọ̀ náà kò rí bákan náà fún gbogbo ẹran. Ní ìpínlẹ̀ Alberta ní orílẹ̀-èdè Kánádà, àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí ní àwọn ọdún 1980, wọ́n sì rí i pé àgùntàn àti màlúù tí a ń sìn fún ẹran lè fi òjò dídì rọ́pò omi bí ó bá mọ́, tí ó rọ̀, tí ó sì pọ̀. Wọn kì í jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ láàárín oúnjẹ, kí ara má baà tutù lójijì. Mo ti rí àwọn tó fi ìwádìí yìí ṣe àwáwí ọ̀lẹ. Màlúù tó ń fún wàrà kò sí nínú rẹ̀. Nínú wàrà kílò 100, nǹkan bí kílò 87 ni omi. Ẹran tó ń fúnni ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè mu omi lítà 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, bí a bá sì fi omi dù ú lónìí, garawa wàrà yóò sọ ọ́ fún wa lọ́la. Ẹran tó rù kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òjò dídì tí ojú rẹ̀ ti le kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ.

Kí n tó padà sọ́dọ̀ pẹ́pẹ́yẹ, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ba àwọn ẹran yòókù. Ẹṣin kì í fẹ́ mu omi tó tutù bíi yìnyín tó bó ti yẹ, bẹ́ẹ̀ koríko gbígbẹ ni oúnjẹ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà ọ̀gìnnìtìn. Koríko náà yóò gbẹ mọ́ ọn nínú, inú rírun tó tẹ̀lé e sì lè pa á. Bí a bá mú kí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́, yóò mu jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ewúrẹ́ ní ìgbéraga tirẹ̀ nípa omi níbi gbogbo láyé. Bí ìdọ̀tí díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, yóò yí imú kúrò. Ìgò omi ehoro, tí ó ní bọ́ọ̀lù kékeré lẹ́nu, a máa dì láti ẹnu. Àwo wíwúwo ló dára fún un. Ti ẹlẹ́dẹ̀ ló bani lẹ́rù jù. Bí páìpù omi rẹ̀ bá dì tí a kò tètè mọ̀, iyọ̀ inú oúnjẹ rẹ̀ lásán, iyọ̀ tí kò ní ìpalára rárá bí omi bá wà, yóò di májèlé nínú ọpọlọ rẹ̀. Yóò máa táràrà kiri bí afọ́jú, gìrì yóò sì mú un. Bí ẹni tó ni ín bá sì sáré da omi púpọ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà, èyí gan-an lè pa á. Díẹ̀díẹ̀ ni a ó máa fún un títí ara rẹ̀ yóò fi bọ̀ sípò. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi léèrè bóyá òtítọ́ ni pé omi kò lọ́tàá.

Báwo ni a ṣe ń pa omi mọ́ ní omi? Ọ̀nà tí Bàbá kọ́ mi kò ní àràmàǹdà kan nínú. Ó gba ọpọ́n ike náà lọ́wọ́ mi, nítorí ike a máa gan nínú òtútù, bí a bá sì gbá a kí yìnyín lè jáde, yóò là. Ó fún mi ní ọpọ́n rọ́bà dúdú nípọn, irú rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe táyà. Èyí ṣeé dojú dé, ó ṣeé fẹsẹ̀ tẹ̀, ó ṣeé gbá mọ́lẹ̀. Yìnyín yóò sì já jáde lódindi bí ẹ̀kọ tó já kúrò nínú ewé. Àwọ̀ dúdú rẹ̀ tún ń fa oòrùn mọ́ra. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí gúúsù, nítorí apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbà kọjá níbẹ̀ ní ìgbà ọ̀gìnnìtìn, ibẹ̀ sì fara pamọ́ fún afẹ́fẹ́. Ó fi koríko gbígbẹ tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ó tún kọ́ mi pé ohun èlò tó jìn tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ̀ dára ju èyí tó fẹ̀ tí kò jìn, nítorí láti ojú ni omi ti ń fi ooru rẹ̀ tọrẹ fún afẹ́fẹ́. Fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ, ó dá ihò sí ìdérí pákó kan, tí orí ẹyẹ lè wọ̀ ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kò lè wọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rí omi fọ imú, tí wọn kò sì lè dà á sí ara wọn àti sí gbogbo àyíká.

Nítorí pé títa omi káàkiri náà jẹ́ ewu. Pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ràn ọ̀rinrin, ṣùgbọ́n ilé tó ń sùn sí gbọ́dọ̀ gbẹ. Bí ilé náà bá rin, èémí wọn àti ìgbẹ́ wọn yóò sọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ di ohun tó ń ta ènìyàn nímú, òtútù yóò sì rí ọ̀nà jẹ ẹsẹ̀ wọn. Nítorí náà, a kì í gbé omi wọlé fún wọn lóru. Oúnjẹ àti omi yóò jọ jáde nírọ̀lẹ́, wọn yóò sì jọ wọlé pọ̀ láàárọ̀. Ní ti wíwẹ̀, mo ti ń ronú pé bí wọn kò bá wẹ̀ lójoojúmọ́, wọn yóò ṣàìsàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó bo orí tó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí oòrùn bá mú dáadáa, a óò gbé agbada omi ńlá fún wọn, wọn yóò wẹ̀, wọn yóò sì fi àgógó kó epo láti ibi ìdí ìrù wọn pa gbogbo ìyẹ́ wọn. Epo yìí ni kì í jẹ́ kí omi wọlé sí wọn lára.

Ìgbà mẹ́ta lójúmọ́ ni mo ń gbé omi: kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ní ọ̀sán, àti ní nǹkan bí wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀. Ní ọjọ́ tí mo bá ní kíláàsì lọ́sàn-án, Màmá ni ó ń bá mi gbé ti ọ̀sán, kì í sì í gbàgbé láti rán mi létí ní alẹ́. Garawa méjì, ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, kí ara lè dọ́gba lórí yìnyín. Mo kọ́ gbígbé omi ní kékeré, orí ni a sì ń fi gbé e. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀. Kí n tó dé ilé ẹran, èyí tó ta sí mi létí ti ń dún ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.

Ibi tí omi náà ti ń wá yẹ fún àlàyé, nítorí ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ní Wisconsin, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ a máa dì, ó sì lè dì jìn tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n wá ri páìpù sí ìsàlẹ̀ ibi tí dídì kò dé. Ẹ̀rọ tó dúró lókè ní ọ̀pá gígùn nínú. Bí a bá gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni omi ti ń ṣí, bí a bá sì tì í, èyí tó kù nínú ọ̀pá yóò sọ̀kalẹ̀ padà sínú òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́, tí ọ̀pá yóò fi ṣófo. Ohun tó ṣófo kò ní ohun tí yóò dì. Òfin kan ṣoṣo ni ó ní: a kò gbọdọ̀ fi rọ́bà gígùn tí a fi ń fa omi sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, nítorí omi inú ọ̀pá kò ní lè sọ̀kalẹ̀ mọ́. Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Èrèlé. Bí omi bá ń dì, ó máa ń fẹ̀ sí i, tó bí ìdá kan nínú mọ́kànlá ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sì sí irin tó lè sọ fún un pé kó má fẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀ láàárọ̀, ọ̀pá ti là láti òkè. A máa ń sọ pé omi ló dànù, agbè kò fọ́, a ó sì tún omi pọn. Èmi dúró síwájú agbè tó fọ́, omi kò sì dànù rárá. Ó wà níbẹ̀ gbagidi, ó ń wò mí.

Àwọn kan ń lo iná mànàmáná láti mú omi móoru. Ó rọrùn, n kò sì ní kí ẹni tó lágbára má lò ó. Ṣùgbọ́n irú iná bẹ́ẹ̀ ti jó ilé ẹran púpọ̀, nítorí koríko gbígbẹ ni ó wà níbi gbogbo, eku a sì máa jẹ wáyà. Bí iná bá ń jò díẹ̀ sínú omi, tí kò tó ohun tí bàtà rọ́bà yóò jẹ́ kí ènìyàn mọ̀, màlúù yóò mọ̀. Yóò fi ahọ́n kàn án lẹ́ẹ̀kan, yóò sì fi òùngbẹ dúró síwájú omi tó kún. Ẹ kì í fi iyọ̀ sí omi pẹ́pẹ́yẹ kó má baà dì. Iyọ̀ tó pọ̀ tó láti ṣe iṣẹ́ yẹn yóò pa ẹyẹ náà. Omi tí wọ́n ń dà sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ní ìgbà òtútù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé e súnmọ́ ibẹ̀. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni.

Mo padà sórí tẹlifóònù Minnesota. Mo béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mi pé irú pẹ́pẹ́yẹ wo ni ó ń sìn. Ó fi ìdùnnú dáhùn pé, "Irú tilé wa náà ni, ọ̀gá mi, olójú pupa." Ọkàn mi dà rú díẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ funfun ti Wisconsin jẹ́ ìran tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Ṣáínà wọ Amẹ́ríkà ní ọdún 1873, ẹyẹ odò ilẹ̀ olótùútù sì ni baba ńlá rẹ̀. Tilé wa kì í ṣe ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ilẹ̀ olóoru ní Gúúsù àti Àárín Amẹ́ríkà ni ìran tiwa ti ṣẹ̀ wá, kí ó tó di ará ilé wa. Àwọ̀ pupa tí kò ní ìyẹ́ lójú rẹ̀, tí àwa ń wò bí ẹwà, òun gan-an ni òtútù máa ń kọ́kọ́ jẹ bí omi bá wà lára rẹ̀. Obìnrin náà ra wọn nítorí pé wọ́n rán an létí àgbàlá ìyá rẹ̀. N kò bá a wí. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ ni àwa onílítíréṣọ̀ máa ń yìn. Mo kàn sọ fún un pé kó dín wíwẹ̀ wọn kù, kó jẹ́ kí ilé wọn gbẹ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, kó sì máa nu ojú wọn bí ó bá rí i pé ó rin ní ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn náà ni a wá jọ ṣe gbólóhùn tó tìtorí rẹ̀ pè mí. Mo ní kó wí fún ọmọ náà pé, "Lọ fọ́ yìnyín ojú omi, kó o da èyí tó kù nù, kó o sì bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ." Ó tún un sọ, mo sì gbọ́ tí ọmọ náà ń sọ ọ́ tẹ̀lé e lẹ́yìn, tí ó ń ṣi ohùn yìnyín pè. Mo sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó fi ìyẹn sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kó lọ ná.